Èmi Ni Wòlíì Tí Wọ́n Ń Wá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàánú mi. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tán tó sì fẹ́ ṣépè fún mi, kó ṣẹ́ ẹ. Àánú ni mi ò fẹ́, torí pé àwọn tí àánú tọ́ sí ti wà nínú ilẹ̀.

Mubaraq ni mí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ìyàwó mi, Ràmọ́tà, àti àwọn ọmọ wa wà ní Ọ̀yọ́. Èmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àdúgbò Under G, níbi tí mo ti ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin ni. Èmi ni mo ń ṣí géètì, èmi ni mo ń tì í.

Mubaraq kọ́ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí. Wòlíì ni wọ́n ń pè mí. Bọ́ọ̀lù ló fà á. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, màá ti sọ iye góòlù tí wọ́n máa jẹ, ó sì sábà máa ń bọ́ sí i. Ọjọ́ tí mo sọ mẹ́ta sí òdo, tí wọ́n sì jẹ mẹ́ta sí òdo, Moyinolúwa, ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ń gbé lájà kejì, yọ lójú fèrèsé, ó pariwo:

"Wòlíì! Wòlíì alálùwàlá!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó di orúkọ. Ó dé bi pé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń jẹ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n inú ilé nìkan lorúkọ ọ̀hún mọ. Ta ló máa gbọ́ "wòlíì" níta tó máa ro Mùsùlùmí?

Pàápàá tí wòlíì gidi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Olúwaṣògo lorúkọ rẹ̀. Ìjọ aládùúrà kékeré kan ló ní, ògiri ìjọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í wọ bàtà. Ìyàwó rẹ̀, Ìbùkúnọlá, ń ta òkìrìkà, ọjà ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbọ́ orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè mí. Bí a bá pàdé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, wòlíì ẹlẹgbẹ́ mi." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, oníkálùkù á bá tiẹ̀ lọ.

Olóyè Ọlọ́runnísọ̀lá ló ni ilé wa. Àtẹ̀gùn méjì ni ilé náà ní nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Olóyè ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ti ẹ̀yìn, ó sọ ibẹ̀ di yàrá. Abẹ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó kù la ń kó kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ sí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan.

"Olóyè, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Nǹkan ò ní í ṣẹlẹ̀, lágbára Ọlọ́run."

"Àmín, Olóyè."

Àmín yẹn la fi panu dé. Gbogbo ètò ààbò tí ilé yẹn ní nìyẹn.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ ìta ń wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń já fóònù àti kọ̀ǹpútà gbà. Olóyè pàṣẹ pé kí géètì wà ní títì tọ̀sán-tòru, kí n jókòó tì í pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá fẹ́ jáde, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú ilé.

Ibẹ̀ ni Safurat ti wọ ọ̀rọ̀. Obìnrin tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ ni, àlùbọ́sà ló ń tà ní Sábó. Mo lọ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èyí tí mo rà ò tíì tán tí mo tún ti padà lọ. Ẹ̀yin àgbà á ti mọ ìyókù.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Àwọn ọmọ ń kàwé, àwọn mìíràn ń sùn. Safurat pè mí.

"Ṣé o ò ní í wá ni? Mo ti se ìrẹsì, ẹran inú ẹ̀ ń wò mí."

"Safurat, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

"Iṣẹ́ wo? Géètì tó ti wà ní títì, ṣé ó máa sá lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀, mo fín lọ́fínńdà. Ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ni mo rántí pé mo gbọ́dọ̀ pe ẹnì kan kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo gbójú sókè wo fèrèsé. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní, "Wòlíì, ìran wo lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń ta sánsán báyìí?" Wọ́n á pe ara wọn jáde wá wò mí, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní í tán lẹ́nu wọn fún oṣù kan.

Ojú tì mí. Mo rọra fa géètì, mo fi àgádágodo tì í láti ìta, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo ní ìdajì wákàtí péré ni. Ìtìjú kékeré yẹn ló pa ọmọ mọ́kànlá.

Ní ilé Safurat, mo pa ohùn fóònù mi, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo ti jẹun tán, mo ti bọ́ ẹ̀wù, nígbà tí mo gbọ́ ariwo níta. Ẹnì kan ń sọ pé èéfín ńlá ń rú ní ìhà Under G. Mo gbé fóònù. Wọ́n ti pè mí nígbà mọ́kànlélógún. Nọ́ńbà Moyinolúwa ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun ọ̀kadà. Mi ò de bọ́tìnnì. Ọlọ́kadà ń bi mí pé ṣé èèyàn mi wà níbẹ̀, mo ń lu ú lẹ́yìn pé kó sáré.

Àwọn kẹ́ẹ̀gì epo abẹ́ àtẹ̀gùn ló gbiná. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣáná sí wọn. Àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ jó, iná sì ń gba ojú ihò àtẹ̀gùn náà gòkè láti àjà dé àjà. Nígbà tí mo dé, àwọn èèyàn ti fi okùn so géètì mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ti fà á wó. Ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó bá sáré wọlé á tún sáré jáde, irun orí rẹ̀ á ti jó.

Mo rí ọwọ́. Lójú fèrèsé gbogbo, ọwọ́ ló kún ibẹ̀, wọ́n di irin ojú fèrèsé mú, wọ́n ń mì í. Ọwọ́ kan wà lájà kẹrin tó ń ju aṣọ inura. Nígbà tó yá, aṣọ inura náà já bọ́, ọwọ́ yẹn ò sì tún yọ mọ́. Ọmọkùnrin kan rí àyè láàárín irin tó ti bàjẹ́, ó fò. Mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún yín.

Lórí àkàbà, ọkùnrin kan wà tó wọ sùtánà funfun tí èéfín ti sọ di dúdú. Ó ń fi òòlù gbá irin fèrèsé àjà kejì. Wòlíì Olúwaṣògo ni. Irin náà ti gbóná, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó mọ́ ọn, kò fi sílẹ̀. Irin kan yọ. Ó fa ọmọ kan jáde, ó gbé e fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, ó tún padà gòkè. Ọmọ mẹ́ta ló yọ. Ìkejì ni Ìmísí, ọ̀rẹ́ Moyinolúwa tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Moyinolúwa ni ìkẹta, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí iná ò dé lára rẹ̀.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́bàá gọ́tà bí ẹni tó fẹ́ bì, mo jù ú sínú omi.

Wọ́n tẹ́ Moyinolúwa sórí tapólì. Ẹnì kan na fóònù sí i lójú.

"Ta ló tì yín mọ́lé? Sọ ọ́, kí ayé gbọ́!"

"Wòlíì ni," ló wí. "Wòlíì ló tì wá mọ́lé. A pè é. A pè é títí. Kò gbé e."

Ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni mo dúró sí, mo gbọ́ ọ ketekete. Ọmọ náà kú ní ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n fídíò náà ti dé Ìbàdàn, ó ti dé Ìlọrin, ó ti dé ìlú òyìnbó.

Olóyè pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn.

"Mubaraq, o ti rí fídíò yẹn?"

"Mo ti rí i, Olóyè."

"Wòlíì ni ọmọ yẹn dárúkọ. Ìwọ, ṣé wòlíì ni ọ́?"

Ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn láìmọye ìgbà.

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Mùsùlùmí bíi tìẹ, ṣé ó ń jẹ́ wòlíì ni?"

"Rárá, Olóyè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ẹnu ẹ mọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ti géètì, wọ́n á wádìí ẹni tó dí àtẹ̀gùn. Èmi ò lè nìkan rì, o gbọ́ mi?"

Mo gbọ́ ọ. Ó sì dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ, torí mo ti ń wá ẹni tó máa sọ fún mi pé kí n dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, èrò dé. Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé wa. Àwọn yẹn, ẹni tí ò kú wà ní ọsibítù, ẹni tí ò sí ní ọsibítù, òbí rẹ̀ ti wá gbé e lọ. Àwọn tó wá yìí jẹ́ ará ìlú, ìbátan àwọn òkú, akẹ́kọ̀ọ́ ilé mìíràn, àti àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn rárá tí inú kàn ń bí. Igi wà lọ́wọ́ wọn, òkúta wà, àdá wà.

Mo dúró níwájú ilé tó jó. Ọkùnrin kan tó di àdá mú já lù mí.

"Ìwọ ni kiatéka ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Níbo ni Wòlíì wà?"

Bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ti pa mí kí n tó panu dé. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, wọ́n á wádìí títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Mi ò na ìka. Mo kàn na ẹnu síwájú, bí a ṣe máa ń fi ẹnu júwe ọ̀nà fún àlejò. Ìjọ Olúwaṣògo ni ẹnu mi kọjú sí.

Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn.

Wòlíì Olúwaṣògo ń to àga lọ́wọ́ nínú ìjọ rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe àdúrà fún àwọn tó kú. Wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn àga náà gbá a lẹ́yìn, ó ṣubú dojúbolẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ jáde. Wọ́n fa sùtánà ya mọ́ ọn lára.

"Kì í ṣe èmi!" ló ń pariwo. "Ẹ wo ọwọ́ mi! Èmi ni mo gun àkàbà! Ẹ wo ọwọ́ mi!"

Aṣọ ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, omi egbò ti rin ín. Obìnrin kan dáhùn pé, "Ọwọ́ tó fi ti géètì ni iná jó yẹn! Ọlọ́run ti mú un!" Ló bá fi òkúta sọ ọ́ lórí. Àwọn tó kù ya bò ó.

Láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tèmi. Mo rí i pé ó ti yé e. Mo rí i pé ó rántí wòlíì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì náà sókè sí mi, ó la ẹnu.

Ẹnì kan fi pákó gbá a lẹ́nu.

Eyín fọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni mi ò tíì lè sọ fún ìyàwó mi títí di òní. Mo dúpẹ́. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo ní "Alhamdulillah."

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti na igi sí mi. "Kiatéka, àwọn ọmọ ilé ẹ ni wọ́n pa. Gba, lu tìrẹ."

Mo gba igi náà. Mo lù ú lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa dé, wọ́n ti sọ iná sí ìjọ náà, ọkùnrin yẹn ò sì mí mọ́. Ọjà ni ìyàwó rẹ̀ wà, ó ń wá aṣọ funfun tí wọ́n máa fi bo ojú àwọn òkú ọmọ. Ó dé bá òkú ọkọ tirẹ̀. Bí obìnrin yẹn ṣe ń ké, àwọn kan ń pè é ní ìyàwó apààyàn.

Ọlọ́pàá bi mí pé níbo ni mo wà nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo lọ kí ìrun Alásárì ní mọ́sálásí kan ní Sábó, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Wòlíì Olúwaṣògo. Òkú kì í jiyàn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìròyìn ò pẹ́ dé Sábó. Safurat pè mí.

"Mubaraq, ṣé ilé mi ti di mọ́sálásí?"

"Safurat, dákun..."

"Má pè mí mọ́. Ìrẹsì tí mo sè yẹn, ó dà bíi pé mo fi bọ́ ikú." Ó pa fóònù, ó sì dákẹ́ ní tirẹ̀, torí pé ìtìjú wà fún òun náà.

Mo sá lọ sí Ọ̀yọ́. Mo rò pé ara mi á balẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ràmọ́tà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó ń wo fídíò Moyinolúwa, ó ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹni tó ti géètì mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí, bí wọ́n bá tiẹ̀ ti pa á, ikú yẹn dẹ̀ ẹ́ jù! Ojú tó fi ń wá ọ̀nà jáde, kó má rí ọ̀nà jáde láyé, kó má rí i lọ́run! Bí ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe sunkún, kí àwọn tirẹ̀ sun ún!"

Àwọn ará ilé ní àmín. Èmi nìkan ni mi ò ṣe é. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá Hafeez, ẹ ò ṣàmín?"

"Àmín," ni mo wí.

Odidi oṣù méjì ni mo fi ṣe irú àmín bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní mọ́sálásí, níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun mi, níbi ìsọmọlórúkọ, bí ọ̀rọ̀ iná yẹn bá ti ṣẹ́yọ, wọ́n á ṣẹ́ èpè, èmi náà á sì ṣàmín. Àwọn ọmọ kan kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé Wòlíì tí Moyinolúwa wí kì í ṣe ti ìjọ. Wọ́n bú wọn títí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ará ìlú ti pa ẹnì kan, wọn ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ṣi ẹni pa.

Ariwo ìlú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Olóyè ní kí n má mikàn, ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá ni kí n tún sọ.

Gbọ̀ngàn náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn òbí gbé fọ́tò ọmọ wọn dání. Olóyè wà níwájú nínú agbádá funfun. Ìbùkúnọlá jókòó sẹ́yìn pátápátá, àga mẹ́ta ló ṣófo lọ́tùn-ún rẹ̀, mẹ́ta lósì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aṣọ òun kan tirẹ̀.

Wọ́n gbé Kùránì fún mi. Mo búra. Lọ́yà àwọn òbí dìde.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Wòlíì ládùúgbò yẹn?"

"Olóògbé Olúwaṣògo ni, sà."

"Òun lo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún?"

"Òun ni, sà."

Àwọn èèyàn pòṣé, wọ́n yíjú wo Ìbùkúnọlá. Ó tẹ orí ba. Lọ́yà ní ó ku ẹlẹ́rìí kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìmísí ni. Wọ́n ti sọ fún mi pé kò ní í yè é. Ìyá rẹ̀ dì í mú. Ìdajì ojú rẹ̀ ti sún kì, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá ibi tó máa jókòó sí, ló bá rí mi.

Wọ́n kọ́ ọmọ náà dáadáa. Iná ò jó ẹ̀kọ́ ilé. Ó rọra tú ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ káàsán, Wòlíì."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi.

Alága ìgbìmọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Ta lò ń kí?"

"Wòlíì ilé wa ni, sà." Ó fi báńdéèjì náà tọ́ka sí mi. "Gbogbo wa la ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ti géètì." Ó tún yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ò le rárá, bí ọmọ tó ń bi bàbá rẹ̀ ní nǹkan. "Wòlíì, a pè yín. A pè yín títí. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e?"

Mo la ẹnu. Irọ́ tí mo ti ń pa láti oṣù méjì, mo wá a, mi ò rí i.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ju àga. Ó bà mí ní àyà, mo ṣubú lé Kùránì tí mo fi búra. Wọ́n dé bá mi níbẹ̀. Bàtà, gìgísẹ̀, ìgò omi. Obìnrin kan ń fi férémù fọ́tò ọmọ rẹ̀ gún mi lójú, ó ń pe orúkọ ọmọ náà bó ṣe ń gún mi. Mo gbọ́ nígbà tí egungun ìhà mi kán. Wọ́n wọ́ mi jáde sí oòrùn. Láàárín ẹsẹ̀ wọn, mo rí Olóyè tó ń kó agbádá mọ́ra, ọlọ́pàá méjì ń ṣí ọ̀nà fún un lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n fi táyà kọ́ mi lọ́rùn. Ẹnì kan da epo sí mi lórí, ó wọ inú egbò ojú mi, mo ké bí ẹran.

"Ìṣáná! Ta ló ní ìṣáná?"

Ìgbà yẹn ni Ìbùkúnọlá fi èjìká gba àárín wọn wọlé.

"Ẹ má pa á."

"Màmá, ẹ yẹra," ni ọkùnrin kan wí. "Ẹ jẹ́ ká bá yín gbẹ̀san."

"Ẹ̀san wo?" Obìnrin náà ò pariwo. "Ẹ̀yin lẹ pa ọkọ mi. Wọ́n ní ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fi pákó dí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí èyí sọ̀rọ̀ tiẹ̀ kó tó kú."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi. "Sọ̀rọ̀."

Mo sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti eyín wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti kọ́kọ́rọ́ àti ti ilé Safurat. Mo sọ ti àtẹ̀gùn tí Olóyè ní kí wọ́n dí, ti epo tó ní ká kó síbẹ̀, ti ohun tó bá mi sọ lórí fóònù. Mo sọ bí mo ṣe na ẹnu sí ìjọ. Fóònù tó ń gbà á sílẹ̀ pọ̀ bí ewé. Kí n tó sọ tán, àwọn kan ti sáré dí ọkọ̀ Olóyè, wọ́n fọ́ gíláàsì rẹ̀ wómúwómú, ó sì di dandan kí àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣí ọ̀nà fún un fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè gbé e kúrò níbẹ̀ láàyè.

"Èmi náà lù ú," ni mo wí kẹ́yìn. "Lẹ́sẹ̀."

Ìbùkúnọlá dìde. Ó wo èrò náà yíká.

"Èyí ti sọ tiẹ̀," ló wí. "Ó ku ẹ̀yin."

Ó na ìka sí àwọn tó wà níwájú.

"Ta ló fi pákó gbá a lẹ́nu?"

Ẹni tó ń wá ìṣáná lẹ́ẹ̀kan ń wo ilẹ̀.

"Ta ló fi òkúta sọ ọ́ lórí? Wọ́n ní obìnrin ni. Ta ló sọ iná sí ìjọ? Ẹ̀yin náà kọ́? Ìwọ ńkọ́, bọ̀dá, àbí o ò sí ní Under G lọ́jọ́ yẹn?"

Ó ń tọ̀ wọ́n lọ níkọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń sún mọ́ wọn ni wọ́n ń fà sẹ́yìn. Ẹnì kan rántí pé òun fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Ẹnì kan ní òun fẹ́ bá Olóyè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Kò pẹ́ tí iwájú gbọ̀ngàn fi ṣófo, ó ku èmi àti òun, Ìmísí àti ìyá rẹ̀, àti ọlọ́pàá kan tí ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Wọ́n gbàgbé táyà sí mi lọ́rùn. Ìbùkúnọlá ló yọ ọ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń sọ ìtàn yìí fún ìwé ìròyìn. Èmi àti Olóyè jọ ń jẹ́jọ́, ohun tí adájọ́ bá sì dá fún mi, mo gbà á. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀: bí wọ́n bá ń wá ọ, tí o sì mọ̀ pé ìwọ ni, dáhùn. Ràmọ́tà ò tíì wá wò mí. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n kí n tó panu dé, mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa. Ìwọ tó wà ní Under G láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, tí igi wà lọ́wọ́ rẹ, o mọ ara rẹ. Ìbùkúnọlá ṣì wà nílé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìjọ wà tẹ́lẹ̀. Ó ránṣẹ́ sọ fún mi pé òun kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, kí ẹni tó bá fẹ́ wá sọ tirẹ̀ lè wọlé. Kò tíì sẹ́ni tó wá.